Àwo Irin tí Bàbá Gbé Kọ́ Ìṣó

Dádì mi ní tí mo bá máa kọ nǹkan nípa bàbá àwọn, kí n kọ ohun tó bá wù mí, kí n ṣáà má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ epo. Ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá ni, nínú pálọ̀ ilé wa ní Ìfákọ̀, lẹ́yìn tí àwọn tó wá kí wa ti lọ tán. Wọ́n ní èmi ni tíṣà nínú àwọn ọmọ-ọmọ, èmi ni kí n kọ ìrántí tí a máa kà lọ́jọ́ ogójì. Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe ń dìde ni wọ́n pè mí padà.

"Àbẹ̀kẹ́, epo yẹn. Fi í sílẹ̀ o. Ẹni tó ti lọ, a kì í tú àṣírí rẹ̀."

Mo kàn bọ́ síta. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé tí nǹkan bá dùn mí, mo máa ń sọ ọ́ jáde; tí wọ́n bá rí i pé mo dákẹ́, ìjà ọ̀hún ti wọnú nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, mo sì rí i pé wọ́n ti yọ àwo irin tó máa ń wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìṣó nìkan ló kù. Àwo náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ojú pákó tó fara tì ṣì mọ́ roboto, nígbà tí gbogbo ibi yòókù ti dúdú.

Àṣírí wo ni Bàbá ní? Ohun tí mo fẹ́ bi Dádì gan-an nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Bàbá ò ní mọ ohun tí èmi àti Dádì ń fà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń tún ṣe. Mi ò sọ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò o. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo wí, èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó wọ Èkó. Ṣọ́ọ̀bù pákó kan ni wọ́n ní, létí títì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà láti Ìfákọ̀ lọ sí àwọn iléeṣẹ́ ní Ọ̀gbà àti Ìkẹjà. Kò sí bọ́ọ̀dù níwájú rẹ̀ rárá. Tí àlejò bá ń wá wọn, àwọn ará àdúgbò á ní kó máa gbóòórùn àgbọn lọ.

Ibi tí òórùn àgbọn ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ti kọ́ wọn pé kẹ̀kẹ́ kì í kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé a fi epo pa á. Bàbá ní àkísà kan nínú agolo mílíìkì, èyí tí wọ́n rẹ sínú epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n da òróró àgbọn díẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe tán, wọ́n á fi àkísà yìí nu ún láti orí dé ẹsẹ̀, irin rẹ̀ á máa dán, á sì máa ta sánsán. Àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tí òógùn ti bò, kẹ̀kẹ́ wọn á máa rùn bí orí ìyàwó tuntun. A máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Wọ́n á ní, "A kì í wẹ ọmọ tán ká má fi ìpara pa á."

Etí ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Wọ́n á dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n á yí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á di ojú méjèèjì, wọ́n á sì tẹ́ etí. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó gbé e lọ kó tó wá síbí. Bàbá á na ọwọ́ sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń ṣe sí àwa ọmọ tí a bá ń jà nílé, tí ẹnì kan bá ń fi ariwo bo ọ̀rọ̀ ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń dá gbogbo wa lóhùn: "Jẹ́ kó sọ tiẹ̀ ná."

Èmi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ kan sọ tiẹ̀ fún Bàbá fúnra wọn.

Mo wà ní ilé-ìwé girama nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ti ń pọ̀ ní àdúgbò, àwọn kan nínú wọn sì ní irú bíréèkì tí Bàbá ò rí rí. Ti àtijọ́, rọ́bà méjì ló máa ń há etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ láti dá a dúró. Ti tuntun yìí ní àwo irin pẹlẹbẹ kan láàárín ẹsẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, wọ́n dá ihò sí i lára káàkiri. Páàdì kéékèèké méjì ló ń há àwo náà mọ́. Bí àwo bá mọ́ tónítóní, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọn-in. Bí òróró bá kàn án, páàdì á mu ún, á sì máa yọ̀ lára rẹ̀. Bàbá ò mọ èyí. Ta ni ì bá sọ fún wọn?

Bùrọ̀dá Gbádébọ̀, ará Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì, ló gbé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ṣéènì. Bàbá pààrọ̀ ṣéènì, ó sì dáa. Wọ́n wá mú àkísà wọn, wọ́n nu gbogbo kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n rí àwo irin méjèèjì tó ń tàn yanran, wọ́n sì nu wọ́n dáadáa, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ní ìdàgẹ̀rẹ́ tó lọ sí ojú gọ́tà ńlá ni Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ ti tẹ bíréèkì tí kò mú. Wọ́n fò sínú gọ́tà. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣẹ́ sí méjì.

Àwọn aládùúgbò wọn gbé kẹ̀kẹ́ náà wá fún Bàbá láti wò ó bóyá ó ṣì ṣe é tún ṣe. Gbogbo wọn ló ti mọ ohun tó fà á. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, torí wọ́n fẹ́ gbé Gbádébọ̀ ga níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn ní ọjà tòkúnbọ̀ ò níláárí. Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ fúnra wọn ní eré àwọn ló pọ̀ jù, wọ́n tiẹ̀ ránṣẹ́ kí Bàbá.  Bàbá kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, wọ́n yí ẹsẹ̀ iwájú tó ti wọ́, wọ́n fi ìka kan àwo irin yẹn, wọ́n sì gbé ìka náà sí imú. Mo rí ojú wọn. Wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò sì dìde títí àwọn èèyàn fi lọ.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé?"

Wọ́n ní, "Àgbọn ni."

Ohun tó tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, ló sọ ọ́ fún mi kí àwọn náà tó papò dà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, Bàbá wọ agbádá wọn funfun lọ sí ilé tí Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ ń gbé, ilé onírúurú ayálégbé tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ènìyàn wà lójúde. Ọkùnrin náà jáde sí wọn, ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti kí àgbà. Bàbá ló ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, fún ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Àgbàlagbà Yorùbá, mùsùlùmí, ẹni tí ọmọ ọmọ ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn obìnrin inú ilé yẹn gbé ọwọ́ lé orí. Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo fẹ́ gbé wọn dìde, wọn ò dìde. Ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ni wọ́n ti sọ̀rọ̀:

"Gbádébọ̀, ọwọ́ mi ló fi epo pa bíréèkì rẹ. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe ọ̀tá. Èmi ni."

Ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò ṣe é fi darí ẹ̀rọ mọ́, ẹnu géètì ni wọ́n gbé Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ lọ níbi iṣẹ́. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ àwo iwájú kẹ̀kẹ́ náà, èyí tó ti kùnà, wọ́n kan ìṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé e kọ́ ibi tí kò sẹ́ni tó máa wọlé tí kò ní rí i. Wọ́n da agolo epo àgbọn nù. Láti ọjọ́ náà, òórùn ò fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n wá lọ kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ orí yẹn! Ọmọkùnrin kan wà tó ń ta kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ní Allen, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá ní Ọmọ́lẹ̀ ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wọkọ̀ lọ bá a, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní "Ọ̀gá." Ojú ń ti ọmọ náà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yéé pe òun bẹ́ẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹni tó mọ ohun tí mi ò mọ̀, ọ̀gá mi ni. Irùngbọ̀n ò sí níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe padà dé, àwo bíréèkì di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Etí àwo ni wọ́n ń fi ìka dì mú, wọn kì í kan ojú rẹ̀. Wọ́n á fi éékánná wá etí rẹ̀ bóyá páàdì ti jẹ ẹ́ tín-ín-rín, torí àwo tó ti tín-ín-rín lè fọ́ lójú ọ̀nà, wọn kì í sì í gbà kí oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kó ṣì máa lò ó fún oṣù kan. Tí wọ́n bá ń fi tuntun sí i, bóòtù mẹ́fà ló máa ń dì í mú. Wọn ò ní di èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tẹ̀léra. Wọ́n á fún ti òkè díẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ti ìsàlẹ̀ tó kọjú sí i, wọ́n á tún rékọjá sí òdìkejì, kí àwo má baà wọ́. Lẹ́yìn náà, aṣọ funfun tó mọ́ àti sípírítì. Páàdì tó bá ti mu epo, wọn kì í wulẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á jù ú nù lójú ẹni tó ni ín.

Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí àwo, ì báà jẹ́ èmi, ì báà jẹ́ oníbàárà tó fẹ́ bá wọn gbé e, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ: "Fọ ọwọ́ rẹ ná." Ọṣẹ Ìyá Àgbà ń tán lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá Àgbà bínú lọ́jọ́ kan, wọ́n ní Bàbá ń fọ ọwọ́ nítorí kẹ̀kẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá lọ, pé ṣé Ọlọ́run ò ní bínú. Bàbá nu ọwọ́ wọn gbẹ. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ń forí jini. Àwo bíréèkì kì í forí jini."

Wọ́n tún máa ń dá mi lágara gan-an pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Àwo tuntun àti páàdì tuntun kì í mú dáadáa lójú ẹsẹ̀, nítorí náà Bàbá á ní kí oníkẹ̀kẹ́ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ìgbà ogún, kó máa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ títí àwo àti páàdì á fi mọ ara wọn. Òṣìṣẹ́ tí aago ń lé á máa bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á gba báàgì rẹ̀ sọ́wọ́ kó má baà sá lọ. Ọkùnrin kan bú wọn pé wọ́n ń fi ọjọ́ ogbó yọ òun lẹ́nu, Bàbá sì bi í pé, "Ẹni méjì tí ò tíì mọ ara wọn, o fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ sáàárín wọn?" Ó gùn ún lọ gùn ún bọ̀ ní ìgbà ogún.

Ìjà tèmi pẹ̀lú wọn rèé, mi ò ní fi pamọ́. Ọkùnrin kan láti Ọmọ́lẹ̀ fi mọ́tò gbé kẹ̀kẹ́ kan wá lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ lè ra gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá dá a dúró. Wọ́n nawọ́ sí àwo orí ìṣó, wọ́n ní kó tó gbé e fún àwọn, ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: epo, gọ́tà, ọwọ́ tó wọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sínú mọ́tò. Orí mi gbóná. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ń lé wọn! Ta ló ní kí ẹ máa sọ ọ́? Ṣebí ẹ ti wá mọ̀ ọ́n ṣe báyìí?" Wọ́n wò mí, wọn ò bínú, ìyẹn ló tún mú inú bí mi. Wọ́n ní, "Tó bá mọ̀ tó sì gbé e fún mi, ó fún mi ni. Tí kò bá mọ̀, mo jí i ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kí wọn lóréfèé, bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Lónìí tí mi ò rí ẹni kí mọ́, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ń dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ó wá di ọjọ́ fidáù, ọjọ́ kẹjọ ikú Bàbá. Àwọn ààfáà ti ṣàdúà tán, àwọn ènìyàn ń jẹun níwájú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ dé. Orí wọn ti ń funfun. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n fi í ti ògiri ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì gbójú sókè sí ìṣó.

Wọ́n bèèrè pé, "Àwo mi dà?"

 Dádì ń wo ilẹ̀. Bùrọ̀dá Gbádébọ̀ wo ojú wọn, wọ́n wo tèmi, ó sì yé wọn. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní inú bí àwọn sí Bàbá gan-an nígbà náà, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò tu ọwọ́ tó ń ro àwọn lára. Nígbà tí ara wọn yá tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ mìíràn, wọ́n ro ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n yí gbogbo àdúgbò ká.

"Gbogbo àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ní àwọn ò ṣe àṣìṣe rí," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ àṣìṣe tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé e lọ."

Dádì dìde, wọ́n gba ilé lọ. A ò rí wọn mọ́ títí àwọn àlejò fi lọ.

Mo kọ ìrántí yìí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo sì kọ epo sí i. Mo kọ gọ́tà, mo kọ ìdọ̀bálẹ̀. Mi ò fẹ́ kà á lẹ́yìn Dádì, nítorí náà mo gbé e lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti mọ gbogbo ohun tí mo máa sọ. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á. Wọ́n dé ibi tí Bàbá ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́, wọ́n tún padà kà á. 

"O ò kọ ọ́ pé mo wà níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

"Ìyá mi bò mí láṣìírí ni. Èmi ni mo sin wọ́n lọ. Nígbà tí mo rí bàbá mi lórí ilẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò wá, ojú tì mí. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo sì jáde. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Wọn ò bá mi sọ ọ́ rí títí wọ́n fi kú." Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Àwo yẹn, tí mo bá ti rí i, ara mi ni mo máa ń rí. Kọ ìyẹn náà sí i."

Mo mú bírò mi, mo kọ ọ́ sí i níbẹ̀.  Dádì dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé nǹkan jáde tí wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé. Wọ́n ṣí i. Àwo náà ni, ó mọ́ tónítóní, kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n fi ìka dì mú. Wọ́n ní kí n lọ gbé e kọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Wọ́n fà á sẹ́yìn.

"Fọ ọwọ́ rẹ ná," ni Dádì wí.

Mo lọ sídìí omi, mo mú ọṣẹ, mo sì fọ ọwọ́ mi méjèèjì títí dé ìgúnpá.